Bàálù tó gbéra tán tí kò lè gòkè

Arákùnrin mi, ẹ béèrè bí bàálù kékeré ṣe lè gbéra tán kó sì tún balẹ̀ sínú igbó nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò kú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, èmi gan-an ni mo sì ń wa ọkọ̀ náà.

Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà ni, ní pápá bàálù kan tó fi 5,000 ẹsẹ̀ bàtà ga ju òkun lọ. Ọ̀sán gangan ni, ooru ti tó ìwọ̀n 30 Celsius, àwa mẹ́rin la sì wà nínú bàálù kékeré Cessna 172 tí epo kún inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́. Bí oòrùn bá tún wá pa á, yóò fẹ́lẹ́ sí i, débi pé bàálù yóò máa ṣe bí èyí tó wà ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ́ńjìnnì tó ní agbára ẹṣin 160 létí òkun yóò pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà níbẹ̀. Mo ti ka gbogbo èyí, ṣùgbọ́n n kò ṣírò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé èmi nìkan ti gbéra ní pápá yẹn láàárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, láìsí wàhálà kankan.

A sáré kọjá ìdajì ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó gbéra, eré wa kò tíì tó. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa agbára ẹ́ńjìnnì kí n sì tẹ búréèkì. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fa imú ọkọ̀ sókè nígbà tí ọ̀nà fẹ́ tán, ó sì gbéra lóòótọ́. Ìgbéra yìí ló ń tan awakọ̀ jẹ: bí gíga bàálù sí ilẹ̀ kò bá tíì ju ẹsẹ̀ bàtà 36, ìyẹn ìwọ̀n ìbú apá rẹ̀ méjèèjì, ilẹ̀ máa ń dín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á sẹ́yìn kù, yóò sì léfòó pẹ̀lú eré tí kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Bí mo bá ti gbé imú sókè, eré a dín kù, fèrè tó ń kìlọ̀ pé apá bàálù kò ní lè gbé e mọ́ a sì máa ké. Mo tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, a já ọgbà wáyà, a sì dúró nínú pápá koríko. Apá àbúrò mi tó jókòó lẹ́yìn kán. Ó ti san, àmọ́ mo ṣì máa ń gbọ́ igbe rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá dé ìdajì ọ̀nà tí n kò tíì ní ìdá 70 nínú 100 eré ìgbéra, mo ti dúró nìyẹn. Gíga pápá bàálù Leadville, ní Colorado kan náà, tí ẹ fẹ́ gbé ìdílé yín lọ sún mọ́ 10,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá olùkọ́ tó mọ àwọn òkè yẹn lọ, ní kùtùkùtù, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ dúró sílé.