Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Irin Tí Ara Ń Jẹ Tán Nígbà Tí Eegun Bá Ti Jinná

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín. Ọdún tó kọjá ni ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò mi obìnrin dá, tí àwọn dókítà sì fi síkúrù méjì dè é. Ẹsẹ̀ náà ti jinná, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó padà wá kí wọ́n lè yọ àwọn síkúrù náà, ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí sì ń bà á gidigidi. Ẹnì kan wá sọ fún wa pé síkúrù kan wà tó jẹ́ pé ara fúnra rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ tán. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn kò fi irú rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, a sì bá àbúrò yín kẹ́dùn gbogbo ìnira tí ó ti rí.

Magnésíọ̀mù, oríṣi irin kan, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú síkúrù bẹ́ẹ̀, wọn a sì da ìwọ̀nba èròjà mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Kì í ṣe àjèjì sí ara wa rárá: nǹkan bí gíráàmù 25 rẹ̀ ló wà lára àgbàlagbà kan, èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ sì wà nínú eegun gan-an. Omi ló ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ju pẹ́lẹ́bẹ́ magnésíọ̀mù kan sínú ife omi iyọ̀ tí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn, ẹ óò rí i tí ìhó wẹ́wẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí ẹni, tí wọn yóò sì máa já gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ṣe díẹ̀ sí i, dídán rẹ̀ yóò pòórá, nǹkan funfun kan bí ẹfun yóò sì bò ó. Ìhó yẹn ni gáàsì háídrójìn, ohun tó dà bí ẹfun yẹn sì ni magnésíọ̀mù tí omi ti yí padà. Nínú ara, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé èyí tó bá yòrò lọ, kíndìnrín a sì sẹ́ ẹ dànù pẹ̀lú ìtọ̀. Kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe lè rò: síkúrù tó gùn ní mìlímítà 30, tó nípọn ní mìlímítà 3, kò wọn tó ìdajì gíráàmù. Bí ó bá fi ọdún kan tú tán, ohun tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ kò ju nǹkan bí mílígíráàmù 1 lọ, nígbà tí oúnjẹ òòjọ́ àgbàlagbà gbọ́dọ̀ fún un ní mílígíráàmù tó lé ní 300. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa nìkan ló yẹ kó tètè sọ fún dókítà rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí wọn kò fi fi sí gbogbo ènìyàn lára ni ó gba àlàyé. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1878, dókítà Edward Huse ti fi okùn magnésíọ̀mù so iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún àwọn aláìsàn mẹ́ta. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Albin Lambotte, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, fi irin pẹlẹbẹ tí a fi magnésíọ̀mù ṣe de ẹsẹ̀ aláìsàn kan tó dá nísàlẹ̀ orúnkún, ó sì fi ìṣó irin tí a fi wúrà bò kàn án mọ́ eegun. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló lò. Irin pẹlẹbẹ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, gáàsì sì kóra jọ rẹpẹtẹ sábẹ́ awọ ẹsẹ̀ náà. Ohun tó fà á ni pé bí oríṣi irin méjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, tí omi ara wa náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọn yóò jọ di bátìrì, èyí tí omi tètè ń jẹ jù nínú àwọn méjèèjì ni yóò sì tú ká kíákíá. Ọ̀dọ̀ Lambotte, magnésíọ̀mù ni ìyà náà jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti le. Eegun tó dá a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, nígbà mìíràn ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó lè dá gbé ara rẹ̀. Bí síkúrù bá ti rọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, eegun yóò tún yẹ̀. Bí ó bá sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kò yàtọ̀ sí èyí tí àbúrò yín ní lẹ́sẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní láti bá eegun dá àdéhùn ọjọ́, kí wọ́n sì mú un ṣẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fọ magnésíọ̀mù mọ́ kúrò nínú bàbà, níkẹ̀lì àti irin tín-ín-tín tó máa ń bá a wá, nítorí bátìrì kékeré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dì nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń dà á pọ̀ mọ́ síǹkì àti kálísíọ̀mù, tàbí mọ́ irin kan tí wọ́n ń pè ní yttrium àti àwọn ìbátan rẹ̀, kí jíjẹ rẹ̀ lè falẹ̀. Ọdún 2013 ni síkúrù MAGNEZIX, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, gba àṣẹ títà ní ilẹ̀ Yúróòpù. Gúúsù Kòríà fún tiwọn láṣẹ ní ọdún 2015. Nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2023, àjọ FDA tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí RemeOs, síkúrù tí ilé iṣẹ́ Bioretec ti ilẹ̀ Finland ṣe, tí àwọn eegun ọrùn ẹsẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ṣe é fún. Ohun tí kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ yìí kò tíì lè kárí gbogbo ilé ìwòsàn.

Ní ti àbúrò yín, ẹ jẹ́ kó bi dókítà rẹ̀ ní ìbéèrè kan: kí ni ìdí tí síkúrù náà fi gbọ́dọ̀ jáde? Ọ̀pọ̀ síkúrù títáníọ̀mù, irin tí ara kì í jẹ, ló ń bá ènìyàn gbé títí ayé láìyọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ń fọwọ́ kan bàtà, tó ń dùn ún, tàbí tó dúró sí ibi tí oríkèé ti ń ṣiṣẹ́, ìdí tó lágbára nìyẹn.

Ìbéèrè: Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n fi síkúrù magnésíọ̀mù tún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi tó wọ́ ṣe. Nínú àwòrán X-ray tí wọ́n yà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí òjìji dúdú tó yí síkúrù náà ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Oorun ò kùn mí mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Eegun máa ń dí ìtànṣán X-ray lọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn ní funfun. Gáàsì kì í dí i, nítorí náà dúdú ló máa ń hàn. Háídrójìn tí a sọ lókè yẹn ni ó ṣeé ṣe jù lọ kí ẹ rí. Láàrin oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló sábà máa ń fẹ̀, lẹ́yìn náà eegun tuntun a bẹ̀rẹ̀ sí í dí àyè náà. Nígbà tí àwọn dókítà ní ìlú Hannover fi síkúrù magnésíọ̀mù wé ti títáníọ̀mù lára àwọn aláìsàn 26 tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn wọ́ bíi tiyín, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàrin wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ohun tó yẹ kó gbé yín dìde lójijì ni kí ojú ibẹ̀ máa gbóná, kó pupa, kó wú sí i, kó máa ṣe ọyún, kí ibà mú yín, tàbí kí ìrora tó ti ń lọ sílẹ̀ tún máa gòkè. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ wa rọ́pò ojú ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà: ẹ gbé àwòrán yẹn lọ fún un. Bí dókítà mìíràn bá sì máa wò ó, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé magnésíọ̀mù ni, nítorí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé síkúrù náà ti ń tú, kó sì fẹ́ yọ ohun tí kò yẹ ní yíyọ.

Ìbéèrè: Irin lásán náà a máa dógùn-ún, síǹkì náà a máa jẹ. Kí ló wá dé tó jẹ́ magnésíọ̀mù nìkan là ń gbọ́?

Ìdáhùn: Èdè wa fi orúkọ kan ṣoṣo, irin, pe ohun tí alágbẹ̀dẹ ń rọ àti gbogbo ìbátan rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a pe ti alágbẹ̀dẹ ní irin dúdú níhìn-ín. Wọ́n ti dán an wò. Ó lágbára ju magnésíọ̀mù lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nínú ara ńṣe ló ń fà bí ìgbín, ohun tó sì ń kù nílẹ̀ bó bá dógùn-ún kì í tètè yòrò. Ó máa ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ eegun. Síǹkì wà láàrin àwọn méjèèjì, kì í sì í mú gáàsì tó pọ̀ wá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọ̀ bí a kò bá dà á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, àti pé bó bá pọ̀ jù lójú kan, ó lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó mọ eegun. Lójú tiwa, síǹkì ni ó yẹ kí a máa wò lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìbéèrè: Bàbá mi, ẹni ọdún 74, ṣubú, itan wọn sì dá. Mo fẹ́ bẹ dókítà kó lo magnésíọ̀mù, kí wọ́n má bàa tún la bàbá lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdáhùn: Ìfẹ́ tí ẹ ní sí bàbá ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó dára lára magnésíọ̀mù ni pé kò gan jù. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n GPa wọn bí nǹkan ṣe gan tó, irin tí kì í dógùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, títáníọ̀mù tó nǹkan bí 110, magnésíọ̀mù tó nǹkan bí 45, eegun líle fúnra rẹ̀ sì wà láàrin nǹkan bí 10 sí 30. Irin tó bá gan ju eegun lọ ni yóò máa ru gbogbo ẹrù, eegun tí kò sì rí ẹrù rù a máa rù, bí apá tó ti pẹ́ nínú sìmẹ́ńtì ṣe máa ń tín-ínrín. Ní ọwọ́, ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ní orí eegun kéékèèké, àǹfààní ńlá ni èyí. Itan yàtọ̀, nítorí òun ni gbogbo ara gúnlẹ̀ lé bí ènìyàn bá dìde dúró. Magnésíọ̀mù tó wà lọ́jà báyìí kò lágbára tó láti ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Títáníọ̀mù tàbí irin tí kì í dógùn-ún ni dókítà yóò lò fún bàbá, ó sì ṣeé ṣe kó má sí ìdí kankan láti yọ ọ́ láéláé. Kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni kí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún, kí bàbá lè kúrò lórí ibùsùn kí wọ́n sì tún fi ẹsẹ̀ wọn tẹlẹ̀.