Èsì: Kíkó kúrò ní ilé ìjọba
Ẹ kú ìrònú, màmá. Ẹ béèrè bóyá kíkó kúrò ní ilé ìjọba lọ sí yàrá kan ní Sábó máa pa àwọn ọmọ yín lára. Ní Amẹ́ríkà, ètò kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994 tó ran àwọn aláìní lọ́wọ́ láti kó kúrò nírú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ló jàǹfààní jù: wọ́n dàgbà, owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àdúgbò tó sàn ni wọ́n kó lọ o! Ní Ìkòròdú wa níbí, àgíríméǹtì àti kọmíṣọ̀n nìkan lè gbé owó iléèwé lọ. Ta ni yóò sì máa gba àwọn ọmọ sílé tí ẹ bá ṣì wà lọ́jà, bí aládùúgbò yín ṣe ń ṣe báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹni tí yóò máa gbà wọ́n sílé ní Sábó ná kí ẹ tó sanwó.