Ẹ wọn iná ilé yín kí ẹ tó ra gílóòbù mìíràn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní gílóòbù mẹ́sàn-án ni ẹ ti pààrọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti kó dé ilé tuntun yín ní Igbógbó, oníṣẹ́ iná tí ẹ pè kò sì rí nǹkan mìíràn sọ ju pé kí ẹ lọ ra èyí tí ó wọ́n. Wọ́n ti fún mi ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ́n náà jó bí èyí tí kò wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wá mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn fólítéèjì.

Ilé oní-fúláàtì mẹ́rin ni mò ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá Sábó níbí ní Ìkòròdú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìyá tí ó wà ní fúláàtì kejì ń lọ aṣọ, mo ṣàkíyèsí pé nígbàkigbà tí áyọ́ọ̀nù wọn bá ń fa iná, gílóòbù pálọ̀ mi a tàn yòò ju bí ó ti yẹ lọ, tiwọn a sì ṣókùnkùn. Mo yá mítà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní òpópónà wa. Fóltì 287 ni mo bá nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì mi, nígbà tí tiwọn kò ju 150 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni 230 ni ó yẹ kí àwa méjèèjì máa rí.

Níútírà, ìyẹn wáyà tí iná fi ń padà, ni ó já. Fésì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tí ń gbé iná wá, ni ó wọ ilé wa, a pín in fún àwọn fúláàtì, ṣùgbọ́n níútírà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Láàárín fésì kan sí èkejì, nǹkan bí fóltì 400 ni ó wà níbẹ̀. Níútírà ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ju ìpín tirẹ̀ lọ. Nígbà tí kò bá dì mọ́ dáadáa, ilé tí ó ń lo nǹkan díẹ̀ ni iná yóò ya lù, ilé tí ó ń lo nǹkan púpọ̀ yóò sì máa rí háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Gílóòbù àtijọ́ tí ó ní okùn tín-ín-rín nínú kò lè fara da irú rẹ̀ rárá: bí fólítéèjì bá fi ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ga ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára, nǹkan bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ti lọ nìyẹn. (Egbin, ilé-iṣẹ́ amúnáwá tí a kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ojú waya kan tí ó ti di lẹ́búlẹ́bú funfun lórí òpó ni ó ń jẹ owó mi.)

Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lóru nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa ẹ̀rọ wọn, nítorí pé iná a máa ga sí i nígbà náà. Ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá tiwọn náà ń jó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìta ni àléébù náà wà, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná nìkan ni ó sì lè fọwọ́ kan orí òpó. Títí wọn yóò fi dé, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì kúrò lára iná. Sítébíláísà tí ẹ ń ki tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì bọ̀ kò ní gba gílóòbù yín là, nítorí pé iná àjà kì í gba inú rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni ó ń jó, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ní kíṣìnnì mi, họ́dà ni. Irin kékeré méjì inú rẹ̀ ti rọ, wọn kò kan ìdí gílóòbù dáadáa mọ́, a sì máa ń gbọ́ ṣìì-ṣìì bí ẹni ń dín nǹkan. A pa iná láti méènì, a pààrọ̀ họ́dà, ó tán. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgò tí a fi bo gílóòbù LED pinpin ni ó ń há ooru mọ́ ọn. Ooru yìí ni ó ń ba pátákó kékeré tí ó ń ṣètò iná nídìí rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ni wọ́n ń jó, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì ti yí sípíìdì rẹ̀ sókè jù.

Ẹ kọ iye tí mítà bá sọ àti aago tí ẹ wọ̀n ọ́n sínú ìwé. Ariwo tí mo kọ́kọ́ lọ pa ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ iná kò mú ẹnikẹ́ni dìde. Ìwé yẹn ni mo mú lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni wọ́n gbé àkàbà wá.