Àyà mi ń já, oorun ò wá: ṣé ìtọ́jú orí fóònù lè ràn mí lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 48 ni mí, Ikorodu ni mo ń gbé. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti wọ yunifásítì, tí wọ́n sì dá mi dúró níbi iṣẹ́, àyà mi kàn ń já. Oorun ò kùn mí mọ́. N kì í lè dé ọjà Sabo mọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé màá dákú síbẹ̀. Àbúrò mi ní kí n wá therapist, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, lórí fóònù. Ṣé ó lè wo irú èyí? Face-me-I-face-you sì ni ilé wa, gbogbo ohun téèyàn bá sọ ni aládùúgbò ń gbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà o. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì wé ti ojúkojú fún àìbàlẹ̀ ọkàn, àǹfààní wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ikorodu. Kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ti dín, kí wọ́n sì yẹ tàírọ́ọ̀dì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, wò; bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, àyà á máa já bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà bí nǹkan oṣù yín bá ti ń ségesège, torí láàárín ọdún 45 sí 55 ló sábà ń dúró, àìsùn a sì máa bá a rìn. Ẹ fi obì àti kọfí ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ ná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Sabo rèé: ẹ̀rù dé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹ rò pé ẹ fẹ́ dákú, ìrònú yẹn tún bu epo síná. Ẹ sá kúrò, ara wálẹ̀, ara wá gbà pé Sabo gan-an ni ewu. Bẹ́ẹ̀, irú ìpayà yìí kì í sábà mú kí èèyàn dákú, torí ńṣe ni ìfúnpá ń gòkè nígbà náà. Therapist á mú yín padà díẹ̀díẹ̀: ẹ dé ìkóríta lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra ata lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ dúró títí ẹ̀rù á fi lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ó sì sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àti ọmọ tó kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Òfò ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kí ẹ kàn máa dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló ká mi lára jù. Ẹni tó ń rọra sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ọ kò lè tú inú rẹ̀ tán. Fídíò ò pọn dandan, ìpè lásán tó. Ẹ wá ibòmíràn: ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ yín kó tó ṣí, mọ́tò tí wọ́n páàkì, kíláàsì lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti ṣẹ́. Bó bá jẹ́ nínú yàrá náà ni, ẹ lo íápíìsì kí wọ́n má baà gbọ́ èsì, kí ẹ sì tan rédíò sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yin àti therapist jọ fi gbólóhùn kan ṣe àmì, bíi “kí lẹ ń ta ìrẹsì báyìí?”, kó lè mọ̀ pé ẹnìkan wọlé, kí ẹ bọ́ sórí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ fi páàsíwọ́ọ̀dù ti WhatsApp yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tó ní, bóyá ó ń gba ohùn yín sílẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Bó bá bínú, ẹ wá ẹlòmíràn. Bí oògùn bá pọn dandan, psychiatrist, tó jẹ́ dókítà, ni yóò kọ ọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí ìyípadà, ẹ sọ fún therapist yín gbangba.

Bó bá ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn ju èyí lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpè o. Kí ẹnìkan tẹ̀ lé yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ Jẹ́nẹ́rà Ikorodu tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yaba.