Èsì: Ṣé “direct” ni pé bàálù kò ní balẹ̀ lójú ọ̀nà?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní tí wọ́n bá kọ “direct” sára tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé bàálù kò ní balẹ̀ níbì kankan nìyẹn. Rárá o. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ bàálù ń sọ ni pé nọ́ńbà kan náà ni ìrìn àjò yẹn ń jẹ́ títí dé òpin. Ó lè yà síbì kan kó gba epo, kí àwọn kan bọ́ sílẹ̀, kí àwọn míì wọlé. QF1, ìyẹn nọ́ńbà ìrìn àjò kan ti Qantas, iléeṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Australia, ń gbéra ní Sydney, ó ń balẹ̀ ní Singapore kó tó forí lé London, síbẹ̀ QF1 náà ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní balẹ̀ níbì kankan, “non-stop” lẹ̀ ń wá. Bàálù Singapore Airlines kan tó ń ti Singapore lọ sí New York ń lo nǹkan bíi wákàtí 18 lófuurufú láìbalẹ̀ rárá (ẹsẹ̀ á sì wú dáadáa!).

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ṣá, ọ̀kan náà ni méjèèjì, n kì í bá wọn jiyàn. Ní ti rélùwéè àti bọ́ọ̀sì, “direct” kàn ni pé ẹ ò ní pààrọ̀ ọkọ̀. Ó lè dúró ní gbogbo ibùdókọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n kọ pé yóò dúró.