Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé: Sprinkler, Standpipe àti Omi Tó Gbọ́dọ̀ Dókè

Ìbéèrè mẹ́ta lórí ètò ìpaná inú ilé la mú nínú èyí tí àwọn oníṣẹ́ páìpù fi ránṣẹ́ sí wa. Sprinkler ni àwọn ẹnu omi kéékèèké tí wọ́n ń dè mọ́ sílìn, tí ooru iná fúnra rẹ̀ ń ṣí. Standpipe ni páìpù ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ilé gòkè, tí àwọn panápaná ń so rọ́bà omi wọn mọ́ ní àjà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Púlọ́ńbà ni mí n'Íbàdàn. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́wàá kan fún mi, ońjiníà sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òfin NFPA 13 (NFPA ni ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà lórí ìdènà iná jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà) la ó tẹ̀lé fún sprinkler, ká sì tẹ̀lé NFPA 14 fún standpipe. Alhaji tó ni ilé ní tẹ́ǹkì lítà 10,000 tó wà lórí òrùlé ti tó, pé kí n má wulẹ̀ ra pọ́ǹpù iná. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ sọ fún Alhaji pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé tẹ́ǹkì orí òrùlé kò lè ṣe é, ẹ sì fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀, torí ẹni tí owó bá ń ti àpò rẹ̀ jáde kì í fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹnu páìpù tó jìnnà jù sí orísun omi ni NFPA 14 máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ní bí àwọn panápaná bá ṣí ẹnu páìpù oní-ínṣì 2½ tó wà lókè pátápátá, tí omi sì ń ṣàn nínú standpipe náà ní gálọ́ọ̀nù 500, ìyẹn nǹkan bíi lítà 1,893, ní ìṣẹ́jú kan, agbára omi níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 100 psi, tí í ṣe bar 6.9 (psi àti bar la fi ń wọn agbára tó ń ti omi). Ẹ̀yin náà mọ̀ pé omi tó ga ní mítà 10 kì í fúnni ju nǹkan bíi bar 1 lọ. Bí tẹ́ǹkì yín bá fi mítà 3 ga ju ẹnu páìpù àjà kẹwàá, bar 0.3 péré lẹ máa rí níbẹ̀, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn rárá. Kí tẹ́ǹkì tó lè dá ṣe bar 6.9 láìsí pọ́ǹpù, àfi kí a gbé e ga ní nǹkan bíi mítà 70 sókè ẹnu páìpù náà, ta ló sì fẹ́ kọ́ irú òpó bẹ́ẹ̀ sórí ilé?

Iye omi gan-an kò tó. Bí ilé náà bá ní àtẹ̀gùn méjì, standpipe méjì nìyẹn. Àkọ́kọ́ gba gálọ́ọ̀nù 500 ní ìṣẹ́jú kan, èkejì fi 250 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi lítà 2,839. Òfin náà ní kí omi lè ṣàn báyìí fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, èyí tó lé ní lítà 85,000. Tẹ́ǹkì lítà 10,000 á ti gbẹ kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé, nígbà tó ṣeé ṣe kí àwọn panápaná má tíì rí yàrá tí iná ti sọ. Pọ́ǹpù iná, tí òfin NFPA 20 wà fún, lẹ nílò, pẹ̀lú àgbá omi ńlá nísàlẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbọ́kàn lé, èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì lèmi máa yàn.

Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé bí agbára omi bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó. Agbára tó ń ti omi dé àjà kẹwàá á pọ̀ jù ní àjà kìíní, òfin kò sì fẹ́ kó ju 175 psi lọ ní ẹnu páìpù tí àwọn panápaná máa lò. Níbi tó bá ti máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, fáàfù tó ń dín agbára omi kù la máa ń fi síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1991, iná sọ ní àjà 22 nínú ilé One Meridian Plaza, ilé alájà 38 kan ní Philadelphia. Irú fáàfù yìí wà lẹ́nu standpipe ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tò ó bó ṣe yẹ, omi tó ń jáde lẹ́nu rọ́bà kò sì lágbára tó láti bá iná náà jà. Panápaná mẹ́ta ló kú. Iná náà ń ti àjà kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé àjà 30, níbi tí ẹni tó háyà ibẹ̀ ti fi sprinkler sí. Sprinkler mẹ́wàá ló ṣí níbẹ̀, iná náà kò sì gòkè mọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, 65 psi ni NFPA 14 ń béèrè. Àtẹ̀jáde ọdún 1993 ló sọ ọ́ di 100.

Nítorí náà, bí ilé yín bá nílò irú fáàfù bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tò ó tán. Ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ka gééjì nígbà tí omi ń ṣàn àti nígbà tó dúró, kí ẹ sì kọ iye méjèèjì sílẹ̀ fún àjà kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí kan l'Ékòó. Àwọn tó kun ilé fún wa kun àwọn sprinkler mọ́ sílìn ọ́fíìsì. Ṣé a lè fi tínà fọ̀ wọ́n? Ẹ̀wẹ̀, méjì nínú àwọn tó wà lábẹ́ páànù níbi ẹrù là fúnra wọn nínú oṣù Kẹta, láìsí iná, omi sì ba ẹrù jẹ́. Wọ́n ní ayédèrú ni agbaṣẹ́ṣe rà fún wa.

Ìdáhùn: Ẹ má fọ̀ wọ́n, ẹ pààrọ̀ wọn. Gíláàsì tín-ín-rín tí omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀ ló dí ẹnu sprinkler pa. Bí ooru bá mú omi náà, á wú títí gíláàsì á fi fọ́. Ọ̀dà tó bò ó kò ní jẹ́ kí ooru tètè dé ibẹ̀, ó sì lè lẹ̀ mọ́ àwo kékeré tó ń fọ́n omi ká. NFPA 13 sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé èyí tí ọ̀dà bá kàn, yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi kùn ún, rírọ́pò ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àpótí tí a kó sprinkler àfipamọ́ sí wà nínú ilé: mẹ́fà ó kéré tán bí sprinkler ilé náà kò bá tó 300, 12 bó bá wà láàárín 300 sí 1,000, 24 bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú sípánà tó bá wọn mu.

Ní ti àwọn tó là fúnra wọn, ẹ wo àwọ̀ omi inú gíláàsì àwọn tó kù kí ẹ tó pè wọ́n ní ayédèrú. Pupa ń là ní ìwọ̀n 68°C, ibi tí ooru abẹ́ sílìn kò ti ní ju 38°C lọ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ta ni kò mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń gbóná l'Ékòó lóṣù Kẹta? Òfin ní abẹ́ òrùlé tí kò sí ohun tó ń dènà ooru lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èyí tó ga ní ìpele kan, aláwọ̀ ìyeyè tó ń là ní 79°C tàbí aláwọ̀ ewé tó ń là ní 93°C. Ó ṣeé ṣe kí ojúlówó ni agbaṣẹ́ṣe náà rà, kó jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ló fi í sí.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ ilé ẹrù, ẹ tún wo bí ẹrù ṣe ga. Ínṣì 18 ó kéré tán gbọ́dọ̀ ṣófo láàárín orí ẹrù àti àwo sprinkler, kí omi lè ráyè fọ́n ká. Bí ẹrù bá sì ga ju nǹkan bíi mítà 3.7 lọ, ìṣirò mìíràn ló kàn, ẹ pe ońjiníà padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni to sprinkler súnmọ́ra ju mítà 1.8 lọ pẹ̀lú èrò pé omi á pọ̀ sí i. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣí á máa fi omi tu èkejì lójú, èkejì kò sì ní ṣí nígbà tó yẹ.

Ìbéèrè: Ọmọṣẹ́ púlọ́ńbà ni mí l'Ábẹ́òkúta. Ṣé a lè fi páìpù PVC funfun ṣe sprinkler? Báwo la ṣe ń dán iṣẹ́ náà wò, irú ẹnu ìsopọ̀ wo la sì ń rà fún ọkọ̀ panápaná?

Ìdáhùn: Àbúrò, PVC funfun tí a fi ń ṣe omi balùwẹ̀ kò sí lára rẹ̀ rárá. CPVC aláwọ̀ ọsàn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún sprinkler, ibi tí ewu iná ti kéré bí ọ́fíìsì ni wọ́n sì fi ààyè gbà á jù. Standpipe ní tirẹ̀, páìpù irin ni kí o lò.

Kí wọ́n tó bo sílìn ni kí o dán an wò. Fi omi kún un, lé gbogbo atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí o wá gbé e dé 200 psi, kó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì láìsí ibi tó ń jò. Bí agbára omi tí ilé náà ń lò lójoojúmọ́ bá ju 150 psi lọ, fi 50 lé e ni kí o dán an wò, kì í ṣe 200. Má ṣe fi atẹ́gùn dán CPVC wò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, torí bó bá fọ́, á fò kiri.

Ní ti ẹnu ìsopọ̀, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ panápaná ti ń ti omi sínú páìpù ilé, má ra ohunkóhun kí o tó lọ sí iléeṣẹ́ panápaná tó súnmọ́ ibẹ̀ láti wo ẹnu rọ́bà tiwọn. Nígbà tí iná jó àárín ìlú Baltimore ní oṣù Kejì, ọdún 1904, àwọn panápaná wá láti àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà ọ̀pọ̀ wọn kò bá ẹnu páìpù omi ìlú náà mu. Òfin NFPA ní kí tiwa bá tàwọn panápaná àdúgbò mu. Láàárín ẹnu ìsopọ̀ yìí àti páìpù inú ilé, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn ni kí o fi síbẹ̀; èyí tí ẹnì kan lè fọwọ́ tì kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.