Ìyá wa bí ọmọ kan sí London kó tó fẹ́ bàbá wa. Ṣé a ṣì lè rí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ni mí n'Íbàdàn, mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ìsìnkú màmá wa lọ́dún tó kọjá, àbúrò wọn obìnrin pè mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ò fẹ́ gbé lọ sọ́run. Wọ́n ní nígbà tí màmá wa ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, kí wọ́n tó mọ bàbá wa rárá, wọ́n bí ọmọkùnrin kan lọ́dún 1966, àwọn òyìnbó kan ló sì gbà á. Olúfẹ́mi ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó yá, mo rí fọ́tò kan lábẹ́ aṣọ òkè wọn: ọmọ jòjòló kan tó dé fìlà òwú funfun. Wọ́n fi bíírò kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé "Fẹ́mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Ìkọ̀wé màmá wa ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n fi í sílẹ̀, pé ṣe ni mo fẹ́ ba orúkọ ìyá wa jẹ́ lẹ́yìn ikú wọn. Ọmọ mi ní àfi kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ìyá Fẹ́mi, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o. Ẹ̀yìn wọn á dáa.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi fọ́tò yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ó sọ̀rọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lábẹ́ òfin England nígbà yẹn, ìyá ò lè fọwọ́ sí i pé kí kóòtù sọ ọmọ òun di ọmọ ẹlòmíràn, àfi bí ọmọ náà bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ a máa lọ gbé ilé aláboyún tí àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á bímọ sí, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, wọ́n á hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún un. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n á wọ aṣọ tuntun fún un, wẹ́fíà á sì wá gbé e. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ṣe ní gúúsù London kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Abẹ́òkúta, irú fọ́tò yẹn kì í ṣe àjòjì sí mi, tòun ti fìlà òwú náà. Bí màmá bá kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn fọ́tò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ náà lọ ni wọ́n yà á, tàbí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Mi ò búra o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni pé "àwọn òyìnbó kan ló gbà á" lè túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ méjì tí kò jọra rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ẹ ń wá kí ẹ tó náwó. Láàárín ọdún 1950 sí nǹkan bí ọdún 1980, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará wa tó lọ kàwé ní ìlú ọba ló fi ọmọ sọ́dọ̀ òyìnbó. Bàbá ń ka lọ́ọ̀ lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lóru, ìyá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, onílé ò sì fẹ́ rí ọmọdé nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n háyà. Wọ́n á gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, ìdílé kan ní Kent tàbí Essex á dáhùn, wọ́n á máa san owó fún wọn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Àgbàtọ́ lásán nìyẹn. Orúkọ ọmọ ò yí, òfin ò sì gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Justin àti John Fashanu tí gbogbo wa mọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù, lọ́yà ọmọ Nàìjíríà ni bàbá wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tọkọtaya òyìnbó ní Norfolk ni wọ́n dàgbà sí.

Ìsọdọmọ (tí òyìnbó ń pè ní adoption) ní tiẹ̀, kóòtù ló ń ṣe é, kò sì ní àtúnṣe. Wọ́n á fún ọmọ ní orúkọ tuntun, wọ́n á sì ṣe ìwé ọjọ́ ìbí mìíràn fún un. Ìgbà tí màmá yín bímọ gan-an ló gbilẹ̀ jù: lọ́dún 1968 nìkan, ó lé ní 24,000 tí kóòtù ṣe ní England àti Wales, ọdún tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn wọn nìyẹn. Ọmọ tó ń jẹ́ Olúfẹ́mi lónìí lè di Peter lọ́la, kó máa jẹ́ Peter títí dòní.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èwo ni? Ẹ ra ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un. Kò sí àṣírí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ra ìwé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ General Register Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, tó wà ní Southport ní England, ẹ sì lè béèrè fún un láti Ìbàdàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó béèrè, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀ nínú FreeBMD, àtòjọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ bàbá màmá yín ni kí ẹ fi wá a, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nígbà ọmọge. Nínú àtòjọ náà, ẹ óò rí orúkọ ìdílé ọmọ àti orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ti wá. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìyá náà ò tíì lọ́kọ nígbà tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin lẹ sì ń wá irú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n pín àtòjọ yẹn sí. Òfin sì fún òbí ní ọjọ́ 42 láti lọ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ọmọ tí wọ́n bí ní ìparí ọdún 1966 lè wà nínú àtòjọ ìbẹ̀rẹ̀ 1967. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú.

Ẹ̀yin sì mọ bí akọ̀wé òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ wa. Bí orúkọ bàbá màmá bá ní "gb", ẹ dán gbogbo bó ṣe lè gbà kọ ọ́ wò. Mo ti rí Ògúngbèmí tó di Ogunbemi, tó di Ogumbeni, nínú fáìlì ẹnì kan ṣoṣo! Ẹ bi àǹtí yín bóyá màmá máa ń fi "Miss" pẹ̀lú orúkọ òyìnbó kan tí wọn ò jẹ́ nílé mọ́. Ẹ wo páàsìpọ́ọ̀tù àtijọ́ wọn, ẹ wo ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àti báàjì ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ àdúgbò London tí ẹ óò wò.

Ìwé ẹ̀rí tó kún ni kí ẹ rà, kì í ṣe kékeré tí kò ní orúkọ òbí. Tó bá dé, ẹ wo etí rẹ̀. Bí kóòtù bá ti sọ ọmọ náà di ti ẹlòmíràn, wọ́n á ti kọ "Adopted" síbẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan létí ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àgbàtọ́ ni, ẹ̀gbọ́n yín sì lè máa jẹ́ Olúfẹ́mi pẹ̀lú orúkọ bàbá àgbà yín títí di òní olónìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀sán kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè tó láti rí i.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé "Adopted" ló wà níbẹ̀. Òfin ò ní gbà kí ẹ mọ orúkọ tuntun rẹ̀, ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá yín jí i. Ohun tí òfin gbà ni kí ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ níbi tí òun náà lè wá yín sí. Adopted Children Register, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí kóòtù sọ dọmọ, wà lọ́tọ̀, ìjọba ló ń ṣọ́ ọ. Èyí tí ẹ ń wá ni Adoption Contact Register, tó ti wà láti ọdún 1991 lọ́dọ̀ General Register Office kan náà. Apá kìíní wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n sọ dọmọ, apá kejì fún ẹbí tó bí wọn. Ọmọ ìyá ni yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí apá kejì. Ẹ óò fi ìwé ọjọ́ ìbí tiyín àti ìwé ìgbéyàwó màmá ti i lẹ́yìn, kó lè hàn pé obìnrin kan náà ló bí yín. Bí òun náà bá ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín ránṣẹ́ sí i, wọ́n á sì sọ fún yín pé àwọn ti fi ránṣẹ́. Wọn ò ní fún yín ní tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé yìí ni pé ó ṣeé ṣe kí Fẹ́mi ti máa wá yín tipẹ́. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1975 ti jáde, ẹni tí wọ́n sọ dọmọ ní England àti Wales, tó bá ti pé ọdún 18, lè gba ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn tí kóòtù ti ṣe tiwọn ṣáájú oṣù kọkànlá ọdún yẹn máa kọ́kọ́ rí olùdámọ̀ràn kan ni. Ṣùgbọ́n tí ó bá gbà á, kí ló máa rí? Orúkọ màmá yín, àti àdírẹ́sì yàrá kan tí wọ́n háyà ní 1966. Kò sí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn níbẹ̀ tí wọ́n máa júwe Ìbàdàn fún un.

Bí ìwé yẹn bá dákẹ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ alárinà. Òfin ọdún 2002 ló fún ẹbí láǹfààní yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí ọdún 2005. Kánsù (ìjọba ìbílẹ̀ wọn) tàbí ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń bẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò, ló ń ṣe é. Àwọn lè rí orúkọ tuntun, wọ́n á wá ọ̀gbẹ́ni náà kàn, wọ́n á bi í léèrè jẹ́jẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́, wọ́n á sọ fún yín pé ó ní òun ò fẹ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wá àwọn. Ó lè dùn yín o. Ẹ fara mọ́ ọn.

DNA ńkọ́? Ọmọ yín kò sọ ohun tó burú, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é. Àǹtí yín ni. Àgbà ti dé sí wọn, àwọn nìkan ló sì kù nínú ọmọ ìyá màmá. Lẹ́yìn wọn, kí ẹ̀yin náà ṣe tiyín. Ọmọ ìyá tí bàbá yàtọ̀ sábà máa ń pín nǹkan bí 1,300 sí 2,300 sẹntimọ́gàn (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn DNA tí ènìyàn méjì jọ ní) pẹ̀lú ara wọn, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá sì ń bọ́ sí ibi tó jọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ DNA fi lè pe Fẹ́mi ní nǹkan mìíràn sí yín. Bí ẹ bá fi ti àǹtí pẹ̀lú tiyín wé ara wọn, ọ̀rọ̀ á yé yín. Bí ẹ bá sì rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Brazil tó bá yín pín sẹntimọ́gàn 10 tàbí 15, ẹ kí wọn, ẹ kọjá lọ. Ìbátan láti ayé òwò ẹrú ni wọ́n, wọn ò mọ màmá yín rí. Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tí Fẹ́mi bá ṣe tiẹ̀ sí nìkan ló lè fi í hàn yín. Ti ibòmíràn ò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ má kọ "ẹ̀gbọ́n mi ni yín" sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ pé màmá yín gbé London ní 1966, ẹ ní ó jọ pé ìbátan ni yín, bó bá fẹ́ ká sọ̀rọ̀. Ó tó.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní gbé e sórí Facebook, ẹ ò ní kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ni ẹ óò máa kọ. Bó bá jẹ́ pé ilé màmá ló ń bà á lẹ́rù, tó ń fi orúkọ rere bojú (mo ti ń gbọ́ irú ẹ̀ tipẹ́), ẹ sọ fún un pé lábẹ́ òfin England, ẹni tí wọ́n sọ dọmọ ẹlòmíràn kì í jogún ìyá tó bí i, kí ó sì lọ bi lọ́yà rẹ̀ nípa ti ibí.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ọmọ ọdún 24 ni mí. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé ilé ọmọ aláìlóbìí kan l'Ékòó ni wọ́n ti gbà mí. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù sì ń bà mí láti bi wọ́n. Ṣé aláìmoore ni mí tí mo bá wá ìyá tó bí mi?
Ọmọ Ẹ̀gbá

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, rárá. Ṣùgbọ́n má wá a lẹ́yìn màmá rẹ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ á ru. Jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ tí ara wọ́n bá yá, kó o sọ pé bọ̀dá àgbà ti sọ fún ẹ, pé àwọn náà ni ìyá rẹ, ìwé nìkan lo ń wá. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì ti di ìwé náà pamọ́ sínú ọ̀rá.

Ìwé kóòtù lo ń wá, tí wọ́n bá ṣe é lábẹ́ òfin. Bí kò bá sí, á jẹ́ pé wọ́n kàn gbà ẹ́ tọ́ ni, ọ̀rọ̀ á sì di ti ilé náà àti ti àwọn tó mọ̀. Bó bá wà, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti àwùjọ ní Aláúsá ni kó o kọ̀wé sí. Béèrè bóyá wọ́n he ẹ́ ni tàbí ìyá rẹ ló gbé ẹ wá fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n he ẹ́ ni, ọlọ́pàá ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi tó létí, orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá náà á sì máa wà nínú fáìlì. Àdúgbò ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìyá àgbà.

ÌBÉÈRÈ: Ọkùnrin kan kọ sí mi lórí Facebook pé ọmọ bàbá mi lòun, pé wọ́n bí òun sí Manchester. Ó mọ orúkọ bàbá mi àti ìlú wa. Ó ní kí n fi owó físà ránṣẹ́ kí òun lè wá rí sàréè wọn.
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Orúkọ bàbá yín àti ìlú yín wà lórí pósítà ìsìnkú tí ẹ̀yin fúnra yín gbé sórí Facebook. Ẹni tí wọ́n bí sí Manchester tí ó ní páàsìpọ́ọ̀tù ìlú ọba lè san owó físà tirẹ̀. Ẹ ní kó ya ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ránṣẹ́, kó fi ọwọ́ bo àdírẹ́sì bó bá fẹ́, kẹ́ ẹ wo orúkọ bàbá tó wà níbẹ̀. Bó bá ní ó ti sọnù, ẹ ní kó lọ ra òmíràn ní Southport, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí England ló lè rà á. Bó bá tún dárúkọ owó lẹ́yìn ìyẹn, ẹ blọ́ọ̀kì rẹ̀.